Àwo orin tí wọ́n fi ohùn olóhùn ṣe: kí ló ń fa awuyewuye?

Irú àwo orin kan wà tí kò sí akọrin kankan tó wọ situdíò nítorí rẹ̀. Ẹni tó ṣe é jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń gé ohùn nínú àwo àtijọ́, lórí rédíò, nínú kásẹ́ẹ̀tì òde ìgbéyàwó, ní ọjà, ní gáréèjì. Ó ń tò wọ́n léra wọn, ó ń yí wọn padà, títí àwọn tó ni ohùn náà gan-an fi lè má dá a mọ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe bíìtì ní Tanke àti káàkiri Ìlọrin náà ti ń dán irú rẹ̀ wò, ohun tó sì wà nítòsí ni ọwọ́ wọn ń kọ́kọ́ bà: dadakúàdà (orin ìbílẹ̀ Ìlọrin), wákà, dùndún, ìpolówó ọjà ní Ọjà Ọba. Ibẹ̀ ni awuyewuye ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní olè ni. Àwọn kan ní iṣẹ́ ọnà ni. Àwọn mìíràn ò tíì dé ibẹ̀ rárá, ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ṣé orin nìyí àbí ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìwọ̀nyí, wọ́n sì máa ń dì wọ́n pọ̀ mọ́ra bíi pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ẹ jẹ́ ká tú wọn.

Kí ni wọ́n ń pè ní sáńpù gan-an?

Sáńpù ni ègé ohùn tí wọ́n yọ nínú ohun tí ẹlòmíràn ti gbà sílẹ̀. Ó lè jẹ́ lílù ìlù ẹ̀ẹ̀kan péré, ó lè jẹ́ gbólóhùn orin kan, ó sì lè jẹ́ èémí tí akọrin mí kó tó la ẹnu. Bí ègé náà bá ń lọ tó ń bọ̀ láìdúró, lúùpù nìyẹn.

Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kéèyàn yá orin ẹlòmíràn kọ. Akọrin dadakúàdà tó mú gbólóhùn ọ̀gá rẹ̀ tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́ yá orin ni, kò yá ohùn. Ẹni tó ṣe sáńpù mú ohùn ọ̀gá náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú hísọ kásẹ́ẹ̀tì (ìró ṣììì tó ń hó lábẹ́ ohùn) àti ariwo àwọn tó wà lóde lọ́jọ́ náà. Kì í sì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ohùn tí ẹ̀rọ aláfarawé ń pèsè lóde òní. Ẹ̀rọ yẹn lè mú kí òkú sọ ohun tí kò sọ rí láyé. Ti sáńpù, ẹni náà sọ ọ́ lóòótọ́, kì í kàn ṣe ibi tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà sí yìí ló ti sọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ wa ti ń gbọ́ sáńpù láìmọ̀. Orin Burna Boy tó gba ìgboro kan ní 2022, «Last Last», orí orin Toni Braxton ti 2000 ló dúró lé. Burna Boy fúnra rẹ̀ sọ pé ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé lórí orin náà, obìnrin yẹn ló ń lọ bá. Ṣùgbọ́n Burna Boy kọrin lé e lórí. Nínú àwo tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ń kọrin lé ohunkóhun lórí, ègé ni gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀kú eégún ló jọ: aṣọ kọ̀ọ̀kan tó wà lára rẹ̀ ní ilé tó ti wá, àmọ́ nígbà tí eégún bá jáde, kò sẹ́ni tó ń pè é ní aṣọ lágbájá mọ́.

Ṣé àṣà tuntun ni, àbí ti òyìnbó?

Kì í ṣe tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní ìlú Kaíró, lórílẹ̀-èdè Íjíbítì, ní 1944, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Halim El-Dabh yá ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí wáyà irin lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rédíò. Ó gbé e lọ síbi ètò tí wọ́n ń pè ní zaar, níbi tí àwọn obìnrin ti ń kọrin láti wo ẹni tí àlùjọ̀nú ń dà láàmú sàn. Ẹni tó bá mọ bòrí ilẹ̀ Haúsá á mọ ohun tó jọ ọ́. Nígbà tí El-Dabh padà dé ilé iṣẹ́ rédíò, ó da ohùn àwọn obìnrin náà sínú ẹ̀rọ, ó ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ìró tó ń ró lẹ́yìn ọ̀rọ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1948, Pierre Schaeffer, ẹnjiníà rédíò ní Paris, gba ariwo ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀ ó sì fi ṣe orin. Òun ni ìwé ìtàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, wọn kì í sábà rántí ará Íjíbítì yẹn. Schaeffer ṣàkíyèsí ohun kan tí ẹnikẹ́ni tí gírámáfóònù wà nílé wọn rí mọ̀ dáadáa: bí abẹ́rẹ́ bá há sójú kan lórí àwo, ohùn tó ń tún ara rẹ̀ wí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ìtumọ̀, etí á gbàgbé ohun tó ń sọ, á sì máa gbọ́ ìró rẹ̀ nìkan. Àṣìṣe ẹ̀rọ yẹn ló sọ di ọgbọ́n. (Ọkọ̀ ojú irin tó gbà sílẹ̀ ò jìnnà sí wa náà. Ìran tó dàgbà ní Ọ̀fà àti Ìlọrin nígbà tí reluwé ṣì ń lọ déédéé ti gbọ́ orin yẹn tán kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní orin.)

Lẹ́yìn téèpù ni ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún gígé ohùn dé. Fairlight tí àwọn ará Ọsirélíà gbé jáde ní 1979 wọ́n tó jẹ́ pé olówó ló lè fọwọ́ kàn án. Nígbà tí Akai MPC60 dé ní 1988, iṣẹ́ náà wọ yàrá ọ̀dọ́. Ẹ̀rọ yẹn ni DJ Shadow, ọmọ Kalifọ́níà, lò jù lọ láti ṣe «Endtroducing.....» ní 1996, inú àwọn àwo àlòkù tí kò sẹ́ni tó ń rà mọ́ ló sì ti ń wá ohùn rẹ̀. Ìwé Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwo àkọ́kọ́ tí gbogbo inú rẹ̀ jẹ́ sáńpù.

Kí ló dé tí ariwo rẹ̀ fi pọ̀ lásìkò yìí?

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, kásẹ́ẹ̀tì àti àwo àtijọ́ ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Orin àwọn ọ̀gá dadakúàdà bíi Ọdọláyé Àrẹ̀mú tàbí Jáígbadé Àlàó, tó jẹ́ pé o ní láti mọ ẹni tó ní i lọ́wọ́ nígbà kan, fóònù ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ báyìí.

Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù. Láyé ìjọsí, èèyàn kò lè ya ohùn akọrin kúrò lára ìlù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ohùn nìkan ní láti wá ibi tí ìlù ti dákẹ́ nínú àwo náà, bí kò bá sì rí i, á gba kámú. Ní 2019, ilé iṣẹ́ Deezer ti ilẹ̀ Faransé gbé ohun èlò kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, Spleeter lorúkọ rẹ̀. Ó ń ya ohùn sọ́tọ̀, ó ń ya ìlù sọ́tọ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Irú rẹ̀ ti pọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn kan tilẹ̀ wà tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Ọmọ yunifásítì tí kò ní ju láàpútọ́ọ̀pù àlòkù lọ lè yọ ohùn baba olórin kan kúrò láàárín àwọn onílù rẹ̀ kó sì gbé e sórí ohun tó bá wù ú.

Ẹ fiyè sí àwọn onílù yẹn. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀tọ́ akọrin àti ti ìdílé rẹ̀ ni wọ́n máa ń pariwo. Ẹni tó lu gángan lẹ́yìn rẹ̀, tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tó ń fún un lésì, kì í sí nínú ẹjọ́ náà. Orúkọ rẹ̀ kì í sábà sí lára àwo láti ilẹ̀, ẹ̀rọ sì ti wá yọ ohùn rẹ̀ náà kúrò.

Kí ló dé tí kì í dún bí orin?

Nítorí pé ẹni tó ṣe é kò lépa ohun tí à ń pè ní orin lójoojúmọ́. Kò sí ègbè, kò sí ìyá orin, ó lè má sí ijó nínú rẹ̀ rárá. Ohun tó ń dán wò ni bí ohùn kan ṣe ń yí padà bí ohùn mìíràn bá wọlé tọ̀ ọ́. Ariwo ọlọ́kadà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹkún ọmọ ìkókó ní ohun tó ń sọ, ariwo ọlọ́kadà kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrè ní òmíràn tó ń sọ.

Ó ṣeé ṣe kó má dùn mọ́ ọ létí, ìyẹn kò sì túmọ̀ sí pé o ò mọ orin. Àwọn àwo kan nínú ẹ̀ka yìí kò dára náà ni. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fi orúkọ «ìdánwò» bo iṣẹ́ tí kò jinná mọ́lẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n.

Báwo ni èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ?

Fi earpiece gbọ́ ọ. Spíkà fóònù kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Lẹ́yìn náà, má wá ègbè, wá ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Àwo àtijọ́ máa ń ta pẹ́-pẹ́-pẹ́ lábẹ́ ohùn, kásẹ́ẹ̀tì máa ń hó ṣììì láìdákẹ́, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe ń dá ohùn padà. Bí hísọ yẹn bá já lójijì, ibẹ̀ ni ọ̀bẹ kọjá. Àwọn kan máa ń pa ojú ọgbẹ́ náà rẹ́ kí o má baà mọ̀. Àwọn mìíràn á mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀, kí o lè mọ̀ pé ibòmíràn ni ohùn yìí ti wá.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá tún ní ohun kan tí olùgbọ́ ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò ní. Dùndún ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò sí nínú bí ìlù náà ṣe ga tó, inú àlàfo tó wà láàárín òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló wà. Nítorí náà, bí purodúsà bá gbé ìró dùndún lódindi sókè, tàbí tó fà á wálẹ̀, òwe inú rẹ̀ kò sọnù. Ọmọdé ń fi ohùn tínńrín sọ̀rọ̀, àgbà ń fi ohùn tó nípọn sọ ọ̀rọ̀ kan náà, a sì ń gbọ́ àwọn méjèèjì. Bó bá fà á gùn, tó lọ́ra, a ṣì lè gbọ́ ọ bí a bá ní sùúrù.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tó bá gé lílù kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó tò wọ́n sórí bọ́tìnì ẹ̀rọ, tó wá ń tẹ̀ wọ́n bó ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ ti tú ká nìyẹn, ìró ló kù. Bó bá yí i sẹ́yìn, tí ìgbẹ̀yìn di ìbẹ̀rẹ̀, òkè-ìsàlẹ̀ á di ìsàlẹ̀-òkè, ìlù náà sì lè máa sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní lọ́kàn. Bó bá sì ní kí ẹ̀rọ tún ohùn ìlù ṣe kó lè bá dùùrù mu, ohùn àárín lè fò bọ́ sí òkè láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò gbọ́ èdè á máa mi orí. Ẹni tó gbọ́ ọ á máa gbọ́ gbólóhùn tí wọ́n já sí méjì, tàbí oríkì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí ìdílé kan tí wọ́n sì parí sórí òmíràn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbi tí ìlù ti ń pe èèyàn lórúkọ.

Àmọ́ àìmọ̀ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Onílù fúnra rẹ̀ máa ń lu àbọ̀ òwe kó sì dákẹ́, kí ẹni tó gbọ́n parí rẹ̀ nínú ara rẹ̀. Purodúsà tó gbọ́ ìlù lè gé dùndún síbẹ̀ gan-an, tí lúùpù á máa bẹ̀rẹ̀ òwe tí kò ní parí láé. Nígbà náà, ibi tí wọ́n gé e sí gan-an ni iṣẹ́ ọnà náà wà. Bí àríyànjiyàn bá bẹ́ lórí àwo kan tó lo ìlù wa, ohun tí mo rò pé ó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè nìyẹn: ṣé ó mọ ohun tí ìlù ń sọ nígbà tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ?

Ṣé olè ni lójú òfin?

Òfin kọ́píráìtì tí Nàìjíríà ń lò báyìí ni ti 2022, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023. Nǹkan méjì ni òfin rí nínú àwo kan ṣoṣo. Ọ̀kan ni orin náà, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn tí ẹnì kan ronú kàn. Èkejì ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó náwó sí gbígbà rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe sáńpù fọwọ́ kan méjèèjì, ìyọ̀ǹda méjì ló sì yẹ kó gbà.

Ọjọ́ tí ààbò méjèèjì ń parí kò bára mu. Ti orin ń bá a lọ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é. Ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ jẹ́ 50 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí wọ́n gbé e jáde. Ká ní akọrin kan gbé àwo jáde ní 1970, tó sì kú ní 1990: ààbò orí ohùn inú àwo yẹn ti parí nígbà tí 2020 parí, ṣùgbọ́n orin fúnra rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ òfin títí 2060 á fi parí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi òfin gbọ́. Wọ́n á gbọ́ pé «àwo náà ti gbó», wọ́n á rò pé ó ti di ti gbogbo ayé.

Ìtàn mìíràn tó gbilẹ̀ ni pé bí ègé náà kò bá ti pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin Nàìjíríà kò ka ìṣẹ́jú àáyá fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń wò ni bóyá apá tó jọjú nínú iṣẹ́ náà ni wọ́n mú. Gbólóhùn kan péré lè jẹ́ ọkàn orin. Ẹjọ́ tó gbajúmọ̀ jù lórí èyí wáyé ní Jámánì: purodúsà kan, Moses Pelham, gé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì nínú ìlù tí ẹgbẹ́ olórin Kraftwerk gbé jáde ní 1977, ó fi í ṣe lúùpù nínú orin kan ní 1997. Ẹjọ́ náà rìn títí, ó dé ilé ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó sọ ní 2019 pé ẹni tó ni ohùn lè kọ̀ bó ti wù kí ègé náà kéré tó, àyàfi bí wọ́n bá ti yí i padà débi tí etí kò fi dá a mọ̀ mọ́. Ní Amẹ́ríkà, adájọ́ kan ti ṣáájú lọ́dún 1991, nínú ẹjọ́ tí wọ́n pe olórin ráàpù Biz Markie àti ilé iṣẹ́ tó gbé àwo rẹ̀ jáde. «Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè» ni gbólóhùn tí adájọ́ náà fi ṣí ìdájọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, owó ìyọ̀ǹda gbówó lórí, àwọn tó ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ègé ṣe àwo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kéékèèké kí wọ́n má baà rí wọn mú.

Òfin tiwa náà fi ilẹ̀kùn díẹ̀ sílẹ̀. Ó gba ìlò tó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ ara ẹni, ti àríwísí, ti ẹ̀fẹ̀ àti àfarawé tó ń fi iṣẹ́ kan ṣe àwàdà, bí ìlò náà kò bá ti kọjá ààlà. Ẹni tó ń gé ohùn nínú yàrá rẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ kò ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá gbé e síta.

Kásẹ́ẹ̀tì òde ni ó lọ́jú pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ lè pe ara rẹ̀ ní onítéèpù, ṣùgbọ́n òfin fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lórí eré tó ṣe. Ẹnì kẹta sì tún wà tí òfin kò dárúkọ. Akọrin dadakúàdà kì í kọrin sínú afẹ́fẹ́, ó ń ki ẹni tó pè é lóde, baba rẹ̀, ilé rẹ̀, ẹni tó bí i. Ọmọ ẹni yẹn lè jókòó lónìí kó gbọ́ oríkì baba rẹ̀ tó já lulẹ̀ ní àárín, tí bíìtì gbé e mì. Kò ní kọ́píráìtì kankan lórí rẹ̀. Inú lè bí i, inú rẹ̀ sì lè dùn. Mo ti rí àwọn tó gbà á bí ọlá.

Bó bá jẹ́ orin ìbílẹ̀ tí kò ní ẹni kan pàtó tó ṣe é ńkọ́?

Òfin náà ní ibi tó ti dáàbò bo ohun tó jẹ́ ti àwùjọ: orin, ijó, ìtàn, eré ìbílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lò ó fún ìṣòwò, tàbí níbi tí kì í ṣe ibi tí àṣà fi í sí, Àjọ Kọ́píráìtì ti Nàìjíríà ló ní àṣẹ láti yọ̀ǹda. Ó tún pọn dandan láti dárúkọ ìlú tàbí àwùjọ tí wọ́n ti mú un. Àmọ́ òfin kan náà gbà kí oníṣẹ́ ọnà yá nínú rẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ tuntun tirẹ̀, bó bá wà ní ìwọ̀n tó tọ́. Inú àlàfo yìí ni àwọn purodúsà dúró sí.

Ìdí tí dídárúkọ orísun fi ṣe pàtàkì hàn nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin kan tó ń jẹ́ Afunakwa, ní erékùṣù Solomon, lọ́nà jíjìn nínú òkun Pàsífíìkì. Onímọ̀ orin kan, Hugo Zemp, gba orin tó fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún sílẹ̀ fún àkójọ UNESCO. Ní 1992, àwọn ará Faransé méjì tó ń jẹ́ Deep Forest gé ohùn rẹ̀ sínú orin tó gbajúmọ̀ káàkiri ayé. Àwo náà dá lórí àwọn ènìyàn inú igbó Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, nítorí náà ọ̀pọ̀ tó gbọ́ ọ rò pé ọmọ Áfíríkà ló ń kọrin. Òkun ńlá ló wà láàárín ibi tí ohùn náà ti wá àti ibi tí wọ́n gbà pé ó ti wá.

Ní gúúsù Kwara, láàárín àwọn Ìgbómìnà, ìbéèrè náà tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ohùn kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó lè gbọ́ ọ àti ìgbà tó lè gbọ́ ọ ní òfin tirẹ̀ nílùú. Orò kì í ṣe ohun tí obìnrin ń wò. Àwọn eégún kan ní ohùn tí wọn kì í fọ̀ ní gbangba. Bí ẹnì kan bá gba irú ohùn bẹ́ẹ̀ sórí fóònù, tó gé e, tó sì dà á sínú earpiece ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Òmù-Àrán, kò sí fọ́ọ̀mù tí Abuja lè fún un tó máa tán ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ni orò náà ló ti yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń dáhùn pé àṣà tí wọn kò bá gbà sílẹ̀ ń kú lọ, pé kásẹ́ẹ̀tì ń jẹrà nínú àpótí, ohùn wọn sì ń bá wọn lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tọ́jú ohùn pamọ́ àti kí wọ́n gé e tà kì í ṣe iṣẹ́ kan náà.

Kíké Kùránì àti ìpè ìrun ńkọ́?

Ní Ìlọrin, ibí yìí ni ohùn ti máa ń ga jù, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Ìlọrin ni irú ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1981, David Byrne láti Amẹ́ríkà àti Brian Eno láti Gẹ̀ẹ́sì gbé àwo kan jáde tó di àwòkọ́ṣe fún gbogbo iṣẹ́ yìí. Orúkọ tí wọ́n fún un ni «My Life in the Bush of Ghosts», orúkọ ìwé tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ ní 1954. Byrne jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn kò tíì ka ìwé náà nígbà tí àwọn mú orúkọ rẹ̀. Ìgbà yẹn, ẹ̀rọ sáńpù kò tíì wọ́pọ̀, téèpù ni wọ́n lò. Wọ́n ń gba ohùn oníwàásù àti olóòtú rédíò lórí afẹ́fẹ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lé ìlù lórí léraléra títí ó fi bára mu. Ọ̀kan nínú orin inú rẹ̀ lo ohùn àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Àlùjẹ́ríà tó ń ké Kùránì. Ìgbìmọ̀ Ìsìláàmù ní Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀hónú hàn, àwọn méjèèjì sì yọ orin náà kúrò nínú àwo tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n fi òmíràn dípò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlùfáà ń sọ ni pé kíké Kùránì kì í ṣe orin rárá. Ìjọsìn ni, ó ní ìlànà bí wọ́n ṣe ń fa ohùn àti ibi tí wọ́n ti ń dúró, ẹni tó bá gé e ti ba ìdúró náà jẹ́, ẹni tó bá sì fi ìlù sí i lábẹ́ ti gbé e kúrò nípò rẹ̀. Ìdí nìyí tí akọrin wákà fi lè kọrin yin Ànábì látàárọ̀ ṣúlẹ̀ láìfi ìlù lé àyàh (ẹsẹ Kùránì) kankan lórí. Ọ̀rọ̀ kọ́píráìtì kọ́ nìyí. Bí ẹni tó ké e bá tilẹ̀ yọ̀ǹda ohùn rẹ̀, àtakò náà ṣì dúró.

Àwọn tó ń gba ohùn ìgboro sílẹ̀ ní àwíjàre tiwọn: ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Ọjà Ọba láàárọ̀ kùtù, ìpè ìrun á wọ inú rẹ̀, bó fẹ́ bó kọ̀. Ṣé kó yọ ọ́ kúrò ni, kó wá pe ohun tó kù ní Ìlọrin? Ìyàtọ̀ wà, lójú mi, láàárín ìpè tó gba ojú òfuurufú kọjá nínú ohùn ìlú àti ìpè tí wọ́n gé tí wọ́n kàn mọ́ bíìtì. Kò sí òfin ìjọba tó kọ ìyàtọ̀ yẹn sílẹ̀.

Bí mo bá fẹ́ gbọ́ ọ, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́lé. Emeka Ogboh, ọmọ Nàìjíríà, fi ariwo Èkó ṣe «Beyond the Yellow Haze», tó jáde ní 2021. Dánfó àti ẹnu àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ wà níbẹ̀, etí rẹ á ti mọ ohun tó ń gbọ́, wàá kàn máa wo ohun tó fi í ṣe ni. Bọ́ sórí DJ Shadow lẹ́yìn náà, nítorí pé ìlù rẹ̀ dúró dáadáa, kò sì ní ni ọ́ lára. Iṣẹ́ El-Dabh kúrú, hísọ wáyà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Gbọ́ ọ nígbà tí ilé bá dákẹ́.

Fi ti Byrne àti Eno ṣe ìkẹyìn, kí o sì ka ẹ̀yìn àwo náà. Wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti mú ohùn kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Wọ́n dárúkọ obìnrin olórin kan láti orí òkè ilẹ̀ Lẹ́bánónì. Olóòtú rédíò kan tó ń bínú ní San Francisco, ẹni tí wọn kò mọ̀ ni wọ́n pè é, wọ́n sì fi oṣù àti ọdún tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sí i: oṣù Kẹrin, 1980.